Kànní Tí Mo Jẹ Bí Edé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ nǹkan tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú ilé mi ní Alibon, nílùú òyìnbó níbí. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, itọ́ ṣì ń dà lẹ́nu mi!

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti apá Kwara. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ká tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Mama ti se ẹ̀gúsí kalẹ̀. Nǹkan dúdú kéékèèké kún inú rẹ̀, mo ṣe bí edé ni. Ọbẹ̀ náà dùn! Mo fi jẹ iyán abọ́ kan, mo tún ní kí Mama bù sí i.

Ìgbà tí mo gbé ọ̀kan sókè ni mo rí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́, lọ́tùn-ún lósì! Mo bi Mama pé irú edé wo nìyí.

Inú Mama dùn. Wọ́n ní kànní ni, ọmọ àfòpiná kan. Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ kí n lè mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe tóbi tó. Wọ́n ní òru ló ń fò, kì í jẹun rárá títí tó fi máa kú, ẹyin nìkan ló bá wá sáyé, orí igi tí a ti ń rí òrí ló sì ń yé e sí. Tí òjò bá dé, àwọn ọmọ á jẹ ewé igi náà tán pátápátá, wọ́n á sanra bí ìka. Kí wọ́n tó wọnú ilẹ̀ lọ di àfòpiná làwọn ará abúlé máa ń ṣà wọ́n, tí wọ́n á bọ̀ wọ́n, tí wọ́n á sá wọn sóòrùn.

Bí ìka kẹ̀? Ara mi bù máṣọ! Mo sáré débi síǹkì, mo bì í jáde tòun tiyán. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ahọ́n títí tó fi fẹ́ bó. Ojúkòkòrò ló fi kòkòrò bọ́ mi! Kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti pariwo pé, "Mama, ìdin lẹ fún mi jẹ?"

Mama gbé ìkòkò kúrò, wọ́n wọ yàrá, wọn ò jẹun alẹ́.

Ọkọ mi ló wá sọ fún mi pé oúnjẹ tóun fẹ́ràn jù láti kékeré ni, pé ìyá òun fọwọ́ ara wọn ṣa kànní yẹn kí wọ́n tó dì í sínú báàgì. Ojú tì mí. Síbẹ̀, tí mo bá ti wo ẹnu ọkọ mi, mo máa ń yára yíjú kúrò!

Láàárọ̀, mo kúnlẹ̀ bẹ Mama. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé o rántí ìgbín tó o rà ní ọjà Barking lọ́jọ́ tí mo dé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"A kì í jẹ ẹ́ nílé wa. Mo wò ó bó ṣe ń yọ̀, mo dijú, mo gbé e mì bí oògùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bì í sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì yín. Mo nu ẹnu, mo jáde, mo ní o ṣeun, ó dùn."

Háà! Èmi tí mo tún bu kún un fún wọn!

Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò tún jẹ kànní mọ́ láéláé. Ó ṣì ń rí mi lára! Ṣùgbọ́n mo ti kọ́gbọ́n: a lè kọ oúnjẹ, a kì í bú ọwọ́ tó sè é.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gbé nǹkan ìríra mì rí nítorí àna? Ẹ sọ tiyín, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ èmi àti Mama nìkan!