Wáyà Páàdì Náà Kò Gùn

Mo ti gbé kásẹ́ẹ̀tì géèmù náà súnmọ́ ẹnu, mo ti kó èémí jọ. Kí n tó fẹ́ ẹ, màmá aránṣọ àgbàlá wa gbá mi lọ́wọ́.

“Itọ́ lo fẹ́ fún un mu yẹn,” ni wọ́n wí. “Gbé e wá.”

Wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n fi ń gbá fọ́nrán òwú kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n fi gbọn eruku ẹnu kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kán sípíríìtì díẹ̀ sí àkísà funfun, wọ́n nù ún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tì í bọ inú ẹ̀rọ. Àwòrán jáde. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn sípíríìtì ní ilé ìwòsàn, orin géèmù ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí abẹ́rẹ́.

Ọdún 1999 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àgbàlá kan náà ni a jọ ń gbé, lẹ́bàá ọjà Mile 3 nílẹ̀ Ikwerre. Aránṣọ ni màmá náà, opó, ará Iléṣà. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ló fi ẹ̀rọ géèmù sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú páàdì méjì àti kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Àwọn òbí wa kì í tètè ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí náà pálọ̀ wọn ni a máa ń wà lẹ́yìn ilé ìwé: ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ikwerre, lórí ẹní kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń ró, ẹ̀wà ń hó lórí sítóòfù.

Òfin kan ni ó wà. Ẹni tó bá kú nínú géèmù yóò gbé páàdì fún ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ máa rojọ́, gbogbo wa la máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “You don die, drop am!” Bí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo wa ti kú nìyẹn, à á dìde lọ jẹ ẹ̀wà. Màmá fúnra wọn máa ń gbá géèmù. Èyí tí bíríkì ti ń já bọ́ láti òkè ni wọ́n fẹ́ràn, wọ́n sì máa ń tò ó bí ẹni tó ń gé aṣọ oníbàárà, láìfi ààyè kankan ṣòfò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, géńdé kan tí a kò mọ̀ rí bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ wá jókòó láàrin wa. Màmá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Who be your mama?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní géèmù lásán lòun wá gbá.

“I hear. Who be your mama?”

Ó dárúkọ òpópónà kan.

“Street no dey born pikin,” ni màmá fèsì, wọ́n sì ń wò ó títí tó fi wọ bàtà rẹ̀ padà.

Inú bí mi sí wọn lọ́jọ́ náà. Géńdé náà ti fi suwíìtì tó wà lápò rẹ̀ hàn mí.

Lóṣù tó kọjá, nílé wa ní Rumuodara, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ń gbá géèmù lórí fóònù mi, ó ki íápíìsì sétí. Mo gbọ́ tó dárúkọ ilé ìwé rẹ̀. Mo gbọ́ tó sọ aago tí wọ́n ń jáde. Mo yọ íápíìsì náà, mo fi sí etí ara mi. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin ni.

“And who dey come carry you?” ni ó ń bi í.

“Who be your mama?” ni mo wí.

Ó gé ìpè náà lójú ẹsẹ̀. Ọmọ mi bú sẹ́kún: ọ̀rẹ́ òun ni, ó ti fún òun ní aṣọ tuntun nínú géèmù.

Àwọn tó ṣe géèmù yẹn lè ya òógùn síwájú orí ènìyàn inú rẹ̀, ẹ ó sì rí i bó ṣe ń ṣàn. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹnì kan ṣoṣo sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kọ́ pálọ̀ tí gbogbo ayé lè wọ̀, wọ́n ní kí n kó ọmọ mi síbẹ̀, eré ibẹ̀ kò sì ní òpin tí ọmọ yóò fi dìde lọ jẹun. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wọn á ní òbí ni kò ṣọ́ ọmọ.

Mo lọ sí Mile 3, mo ra ẹ̀rọ àtijọ́ kan, àlòkù, pẹ̀lú páàdì méjì. Ọkọ mi ní ìgbà èwe mi ló ń pè mí, pé àwòrán rẹ̀ kò tilẹ̀ dán. N kò bá a jiyàn lórí àwòrán. Ọmọ mi náà fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kẹta, òun àti ọmọ aládùúgbò wa ń já páàdì mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Wáyà páàdì náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Mo wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ mi ṣeré, ó di dandan kó wà níbi tí mo ti lè rí ojú rẹ̀.

N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá náà rí. Suwíìtì ni mo ń rò. Ọmọ mi náà kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣì ń dì mí sínú nítorí aṣọ inú fóònù, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Mo gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀.