Ìjókòó Aláwọ̀ Wàrà Tó Gbé Bàbá Mi Kúrò ní Ajégúnlẹ̀

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ṣíná mọ́tò nílé wa ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta. Ṣadé ìyàwó mi tẹ̀ lé mi jáde pẹ̀lú aṣọ ibùsùn méjì. Òun ló ni mọ́tò náà. Àdìrẹ ló ń tà ní Ìtòkú, owó àdìrẹ náà ló sì fi rà á. Tòkunbọ̀ ni, kò tíì lò ó tó oṣù méjì. Awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Ó tẹ́ aṣọ kan sí ẹ̀yìn, ó tẹ́ èkejì síbi tí awakọ̀ ń jókòó.

"Bàbá Dúpẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun nínú ẹ̀ o. Ẹ má gbé ẹja. Ẹ má gbé epo pupa."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó tún un sọ. Mo tún ní mo ti gbọ́.

Bàbá mi ni mo ń lọ mú wálé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó fi ru ẹrù ní èbúté Àpápá, nígbà tí agbára ò sì gbé e mọ́, ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road. Ìyá mi ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. A ránṣẹ́ sí i, a dúró dè é títí wọ́n fi sin ìyá, kò yọjú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé kó máa bọ̀ wálé, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ní òun ò lọ, kò sì sọ ìdí. Àwọn ará ilé wa ní ó ti ní ìyàwó mìíràn níbẹ̀. Mo jiyàn sí i ní ọdún kìíní. Ní ọdún kejì, mo dákẹ́.

Ní Láfẹ́ńwá, mo ra epo, náírà mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni lítà kan nígbà náà. Láti ibẹ̀ ni aṣọ ibùsùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lábẹ́ mi. Bí mo bá tẹ bíréèkì, á ká jọ sí mi lẹ́yìn. Nígbà tí mo dé Ìfọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ká a, mo sọ ọ́ sínú búùtù. Mo rò ó pé èmi kì í ṣe ẹja, èmi kì í sì í ṣe epo pupa. Ṣòkòtò jíǹsì búlúù ni mo wọ̀, tuntun, tí mo rà ní Kútọ̀ nítorí ìrìn àjò yìí gan-an. Ẹ̀rọ amúlétutù mọ́tò náà ò ṣiṣẹ́. Mo làágùn dé Òtà, mo làágùn dé Òṣòdì.

Láti Mile 2 ni ọ̀nà ti yí padà. Ní Abẹ́òkúta, bí ọkọ̀ agbépo kan bá dúró sójú títì, àwọn èèyàn á jáde wá wò ó. Níbí, wọ́n tò lọ dé ibi tí ojú mi ò ká mọ́, àwọn awakọ̀ sì so aṣọ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Mo bá ọ̀kan tó ń fọ eyín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ má gba ibí o. Ẹ gba Kirikiri."

"Ṣé ó jìnnà ni?"

"Kò jìnnà. Ó kàn burú ni."

Òótọ́ ló sọ, kò jìnnà. Ẹrẹ̀ dúdú tó dà pọ̀ mọ́ epo díísẹ̀lì kún inú kòtò rẹ̀, mo ti gbogbo fèrèsé, mo sì tún làágùn sí i. Aago mẹ́wàá ti kọjá kí n tó dé ilé bàbá mi lẹ́yìn ọjà Boundary.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé Ajégúnlẹ̀ rí, "face-me-I-face-you" ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀: yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló wà láàárín. Obìnrin kan ló jáde wá láti yàrá kejì, ó gbé àwo oúnjẹ bàbá mi dání. Ará Úróbò ni, Ìyá Ufuoma lorúkọ rẹ̀. Mo wò ó, mo wo àwo, mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kí ìyàwó bàbá ẹni. Kò pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá kan náà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo dìde.

Wọ́n fún mi ní sítáàshì. Kì í ṣe èyí tí a ń fi sí aṣọ kó le, oúnjẹ ni, ó yi bí ẹ̀bà, ó ń fà bíi rọ́bà, ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní banga ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ó dùn. Ìyá Ufuoma fẹ́ bù sí abọ́ fún mi kí n máa gbé e lọ sílé. Mo wo bí epo ṣe léfòó lójú ọbẹ̀, mo ní kó má ṣèyọnu.

Bàbá mi jáde wá wo mọ́tò. Ó ti gbẹ ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ó sì wọ bùbá ńlá kan tó gùn dé orúnkún nínú ooru yẹn. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó wo ìjókòó náà pẹ́.

"Ta ló máa jókòó sí èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàámi."

"Èmi kọ́." Ó yí padà, ó ń wọlé lọ.

Inú bí mi. Ẹnu ti ń yún mi láti sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí bàbá, ni Ìyá Ufuoma bá figbe ta nídìí ilẹ̀kùn awakọ̀: "Brọ̀dá! Ẹ wo síìtì yín o! E don turn blue!"

Ìyẹn ni pé ó ti di búlúù. Òtítọ́ ni. Ibi tí mo jókòó sí láti Ìfọ̀ ti mu àró jíǹsì mi, ìdí méjèèjì hàn kedere, itan náà hàn. Abẹ́òkúta ni mo ti wá, ìlú aláró, ọkọ aládìrẹ sì ni mí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé àró máa ń ràn.

Bàbá mi padà wá wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ tú ká díẹ̀.

"Jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Sàídì ní Amukoko. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn."

Ó kọ̀ láti wọlé sí mọ́tò. Ó ń fẹsẹ̀ rìn níwájú, èmi ń wakọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ìrìn àgbàlagbà. Àwọn èèyàn ń kí i lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń wo èmi tí mo ń lé e bọ̀.

Sàídì jẹ́ ọkùnrin bí ọmọ ogójì ọdún, ìjókòó mọ́tò ló ń rán, tó sì ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù páánù kan. Ó wo ìjókòó, ó wo ṣòkòtò mi.

"Ẹ ò kọ́kọ́ fọ jíǹsì yẹn kí ẹ tó wọ̀ ọ́?"

"Rárá."

"Ooru àti òógùn yín ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ."

Ó po ọṣẹ ọmọdé mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó ki fóòmù bọ̀ ọ́, ó fún un títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ó kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ ìjókòó níbi tí ojú ò tó, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yí i róbótó-róbótó. Ó ń fi aṣọ funfun nu ún, aṣọ ń di búlúù, ó ń mú òmíràn. Mo bi í bóyá ògógóró tàbí kẹrosíìnì ò ní tètè mú un kúrò. Ó ní á mú un kúrò tawọtawọ.

Ó ti ṣe é tó wákàtí kan kí bàbá mi, tó dúró ti òpó ṣọ́ọ̀bù, tó lanu.

"Sàídì, bó bá jẹ́ ìtọ̀ ńkọ́?"

Sàídì ò gbójú sókè. "Ìtọ̀ ta ni, Bàbá?"

"Ìtọ̀ èèyàn."

"Ìtọ̀ ò le. Bí ẹ bá ti tètè nu ún, tí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ tútù gbà á, tí ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji, ó parí. Jíǹsì ló le. Ìtọ̀ kì í ṣe nǹkan kan lára jíǹsì."

Bàbá mi ká bùbá rẹ̀ sókè. Rọ́bà tín-ínrín kan sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ wá sínú àpò ìtọ̀ kan tí wọ́n so mọ́ itan rẹ̀.

"Ó máa ń jò," ó sọ fún mi. "Ọjọ́ tí ẹ̀ ń sin ìyá yín, mo ti dé Ṣàngó. Ó jò sínú ọkọ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó sẹ́bàá títì títí oòrùn fi wọ̀, mo sì padà."

Sàídì bu omi mìíràn sínú báàfù, ó padà sídìí ìjókòó.

Nígbà tó parí, ó fi ìpara awọ pa á, ó gba ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì fún bàbá mi ní ègé ọṣẹ kan àti aṣọ mẹ́ta, lọ́fẹ̀ẹ́. Òjìji búlúù díẹ̀ ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti rán awọ náà pọ̀. Ó ní ìyẹn ò ní lọ mọ́. Bàbá mi ṣílẹ̀kùn iwájú fúnra rẹ̀, ó jókòó. A padà lọ kó ẹrù rẹ̀, báàgì kan ni. Ìyá Ufuoma sunkún bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ló ń lọ.

Ó jò ní Ìtòrí. Bàbá mi ní, "Dúró," mo dúró. Mo fẹ́ nu ún, ó gba aṣọ lọ́wọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́bàá mọ́tò, ó ń yí i róbótó-róbótó, èmi ń da omi sí i lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. A ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó gbẹ. Níbẹ̀ ló ti bi mí bóyá ìyá mi jẹ̀rora. Mo sọ òótọ́ fún un.

Oòrùn ń rọ̀ nígbà tí a dé Ìbarà. Ṣadé kúnlẹ̀. Bàbá mi ò tíì dáhùn ìkíni tó fi ní, "Ìyàwó mi, mo tọ̀ sórí ìjókòó rẹ."

Ṣadé wo ibi tó fi hàn án, ó fọwọ́ pa á, kò rí nǹkan kan. Ó wá rí búlúù níbi ìjókòó awakọ̀.

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe tèmi," ni bàbá mi wí.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ò pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bi bàbá mi ní ọjọ́ tí yóò wálé. Mi ò bi í rí nípa ohun tó dá a dúró. Ẹni tó ń fọ ìjókòó ní Amukoko ló jẹ́ kó sọ ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìtọ̀ kò ya Sàídì lẹ́nu.

Mo mú bàbá lọ sẹ́yìn ilé, síbi tí a sin ìyá mi sí. Ó ní kí n gbé àga wá, kí n sì máa lọ. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀nà. Nígbà tó wọlé, ó ní ebi ń pa òun.