Ọ̀bẹ tó ń wá apá

Apá èèyàn ni ọ̀bẹ tí mo gbé kọ́ ìṣó ń wá látọjọ́ yìí!

Nínú àwọn ohun ìjà àtijọ́ tí dádì mi fi sílẹ̀ l'Ájàh, òun nìkan ni mi ò mọ ibi tó ti wá. Òrùka awọ wà lára àkọ̀ rẹ̀. Mo rò pé torí kí wọ́n lè fi í kọ́ ìṣó ni.

Lónìí, Bàbá Músá, ará orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r tó ń ṣọ́ géètì wa, bá mi gbé tábìlì wọlé. Wọ́n rí ọ̀bẹ náà lórí ìṣó, wọ́n mú un, wọ́n ki ọwọ́ òsì bọ òrùka náà. Ọ̀bẹ sùn ti apá wọn.

"Ẹ mọ̀ ọ́n?" Mo bi wọ́n.

"Bàbá mi kì í bọ́ irú ẹ̀ lápá, Àǹtí, bí wọ́n bá tiẹ̀ ń sùn."

Jẹnẹrétọ̀ ń dún lóde, àmọ́ afẹ́fẹ́ orí iyanrìn aṣálẹ̀ ilẹ̀ wọn ni mò ń gbọ́.

Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n rọra gbé e padà sórí ìṣó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ni ọ̀bẹ yìí gan-an?