Ọjọ́ Ìbí Kẹ́hìndé

Ariwo ẹ̀rọ tó so kọ̀ǹpútà wa mọ́ wáyà tẹlifóònù kò tíì kúrò létí mi: yóò han gooro, yóò kùn, yóò sì dákẹ́. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni. Ilé ìwé girama kan ní Òkìtìpupa ni mo ti ń ṣe olùkọ́, èmi ni mo sì ń tọ́jú orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti pẹ́ tí a ti kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú nọ́ńbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún yẹn, ọ́fíìsì ìdánwò ní kí kọ̀ǹpútà wa máa fi orúkọ ránṣẹ́ sí tiwọn tààrà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìbàdàn, fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta so méjèèjì pọ̀.

Lọ́jọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, gbogbo orúkọ wọlé àfi ti Kẹ́hìndé, ọmọ ìlú Àyèká. Táyé rẹ̀ ti wọlé. Èsì kan náà ló ń padà wá: ẹni yìí ti wà níbí.

“Sà, nọ́ńbà la fi ń dá ọmọ mọ̀ níbí,” ni olùkọ́ kọ̀ǹpútà wí. “Orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí ni tiwọn ń wò. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ka ìbejì sí. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ kan kún ti Kẹ́hìndé. Ta ló máa mọ̀?”

Mo bá a wí pé olùkọ́ kì í kọ irọ́ sílẹ̀. Aago méjì ti kọjá. Aago mẹ́rin ni ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Bí kò bá wọlé, Kẹ́hìndé yóò jókòó sílé fún ọdún kan gbáko. Òun kò sunkún. Táyé ló ń sunkún.

Mo gun ọ̀kadà lọ sílé wọn ní Àyèká láti gba káàdì ìbí wọn, kí n lè fi han ọ́fíìsì ìdánwò pé ìbejì ni wọ́n. Ìyá wọn ń yan gàrí.

“Tíṣà, mo sọ fún yín lọ́jọ́ tí mo mú wọn wá! Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo bí Táyé. Agogo ìsìn Sọ́ńdè ti lù kí Kẹ́hìndé tó jáde. Ẹ ní ìbejì kì í ní ọjọ́ ìbí méjì, pé kí n ronú dáadáa. Èmi tí mo rọbí!”

Káàdì ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì wọn gbè é lẹ́sẹ̀: ọjọ́ méjì ni. Mo sáré padà. Wáyà já lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Kẹ́hìndé wọlé.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Mo tọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ́nà, títí kan àwọn tí kò ṣìnà. Lọ́dọọdún, bí mo bá ti kí Táyé kú ọjọ́ ìbí, mo máa ń dúró di ọjọ́ kejì kí n tó kí Kẹ́hìndé.