Oògùn Tó La Odò Kọjá

Ìkùukùu ló bo Ìkẹ́rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo lọ gba oògùn náà. Bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀ nítòsí ọjà. Mo gbójú sókè kí n wo àpáta tí mo ti ń wò láti kékeré, n kò rí i. Òun àti ojú ọ̀run ti di ohun kan náà, funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Àwọn èèyàn ń jáde látinú funfun yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí mi ẹ kú àárọ̀, wọ́n sì ń wọnú rẹ̀ padà. Mo ń rìn lọ bí ẹni tí kò tíì jí tán.

Òótọ́ ni pé n kò tíì jí tán. Ọmọ mi kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò nígbà náà. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa, àkọ́bí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìṣẹ́ Èkìtì là ń gbé. Èmi ń ránṣọ lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé wa, ọkọ mi ń ṣe oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó, bí mo bá ti ń já ọ̀kan lẹ́nu ọmú ni òmíràn ti ń bẹ nínú. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé bí ara mi ṣe ń rí nígbà tó jẹ́ tèmi nìkan. Mo lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí n gbé ẹsẹ̀ lé e, kí n máa wo abẹ́rẹ́ tó ń lọ sókè sódò, kí n má sì rántí aṣọ ẹni tí mò ń rán.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ kékeré sùn sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń wo omi tó ń ṣàn létí òrùlé.

Ó ní, “Mo ti bi àlùfáà wa léèrè. Ó ní bí àwa méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan, kò sí láìfí níbẹ̀.”

Mo ní, “Kí lẹ bi wọ́n?”

“Pé bóyá kí a sinmi ọmọ bíbí díẹ̀. Ojú rẹ ti rẹ̀ ẹ́ jù.”

Omijé kàn bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kí òjò máa bá mi sọ èyí tó kù.

Ìkẹ́rẹ́ ni mo lọ nítorí pé ìdajì àwọn obìnrin tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ní Ìṣẹ́, oníbàárà mi ni wọ́n. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dé ilé ṣáájú mi. Nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn ti dàgbà díẹ̀, ó sì ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ó fi ẹ̀rọ di apá mi, ó wo bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń lọ, ó béèrè bóyá orí máa ń fọ́ mi, ó béèrè bóyá ọmọ mi ti ń jẹun. Lẹ́yìn náà ló mú abala oògùn kan jáde nínú páálí, ó tẹ́ ẹ síwájú mi lórí tábìlì. Àwọn hóró kéékèèké, wọn ò tó ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé.

Ó ní, “Funfun ni o máa kọ́kọ́ lò. Tí o bá lò ó tán, o bọ́ sórí àwọn tó pupa rúsúrúsú yìí. Àsìkò yẹn ni nǹkan oṣù rẹ máa wá. Má fo ọjọ́ kankan o.”

“Tí mo bá gbàgbé ńkọ́, mà?”

“Lo èyí tí o gbàgbé ní kété tí o bá rántí. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó di àṣà. Tí o bá ń gbàgbé lemọ́lemọ́, oyún á wọlé.”

Nígbà tí mo fi jáde, oòrùn ti gòkè, àpáta ti yọ padà, ó dúró gbọnyin bí ẹni pé kò lọ síbì kankan rí.

Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn. Èébì ń gbé mi. Òórùn epo ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ wá di ohun tí n kò lè fara dà. Ọmú mi ń ro mí. Lẹ́yìn ìrun Magaribi ni mo máa ń lò ó, kí n tó kúrò lórí ẹní ìrun, kí n má baà gbàgbé. Ọkọ mi á kí àdúrà rẹ̀ tán, á wò mí, mo á mi orí pé mo ti lò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni èébì náà fi mí sílẹ̀. Nígbà tó lọ tán ni àlá dé.

Irú àlá bẹ́ẹ̀, n kò lá a rí. Mo lálàá pé mò ń rìn nínú ilé ńlá kan tí yàrá rẹ̀ kò lópin. Gbogbo yàrá mọ́ tónítóní, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo lálàá pé odò ń ṣàn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àwọn aṣọ tí mo ti rán láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé mi léfòó lórí rẹ̀, àdìrẹ àti àǹkárá, ọwọ́ wọn nà sílẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Mo á jí láàárọ̀, mo á sì jókòó sórí ibùsùn fún ìgbà díẹ̀, kí àlá náà lè ṣàn tán lára mi.

Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo padà lọ gba òmíràn, mo bi nọ́ọ̀sì yẹn bóyá oògùn náà ló ń fa àlá. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó bi mí bí ọmọ mi ṣe ń sùn sí. Mo ní ó ti ń sùn mọ́jú báyìí.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ náà ló ń sùn. Ó ti pẹ́ tí o ti sùn dénú kẹ́yìn.”

Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara mi ń padà bọ̀ wá bá mi. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ láìwo àwòrán. Mo tún ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ mi, n kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí kòkó pọ́n lọ́dún yẹn, a kó lọ sí abà bí a ṣe máa ń ṣe. Ìyá ọkọ mi wá láti Ẹmùré láti bá wa fọ́ kòkó. Yèyé là ń pè wọ́n. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn kì í sinmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá níwájú wọn ni ojú yẹn máa ń lọ sí ikùn mi. Wọ́n á sì ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fi èjìrẹ́ ta wá lọ́rẹ. Mo á kúnlẹ̀, mo á ní àmín. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn nípa oògùn.

Òjò rọ̀ mọ́jú lálẹ́ ọjọ́ tí a dé. Láàárọ̀ ni mo tú ẹrù, n kò rí oògùn mi. Mo gbọn ìró, mo gbọn aṣọ àwọn ọmọ. Ó ti kù sílé. Mo rántí pé nínú ìkánjú àná, n kò tilẹ̀ lò ó. Mo rọra lọ bá ọkọ mi nídìí òkìtì kòkó, mo sọ ọ́ sí i létí. Kò bá mi wí. Ó wo ojú ọ̀run, ó de fìlà rẹ̀, ó mú àdá, ó bá ọ̀nà lọ.

Yèyé ní, “Níbo ni ọkọ rẹ ń lọ nínú ẹrẹ̀ yìí?”

Mo ní, “Ó ń lọ mú nǹkan ní ilé, mà.”

Odò kékeré kan wà láàárín abà wa àti ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà. Lọ́gbẹlẹ̀, àwọn ọmọ máa ń fò ó. Kò pẹ́ tó lọ ni òjò tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán dúdú bí ìrọ̀lẹ́. Èéfín igi tútù kò rí ibi lọ, ó ń rìn kiri lábẹ́ òrùlé abà. Kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ti ń gbóná, òórùn rẹ̀ dùn, ó sì kan díẹ̀, ó ń mú ojú wúwo. Àwọn ọmọ sùn. Yèyé ń bó ẹ̀gúsí. Mo jókòó, mo ń gbọ́ odò náà láti ọ̀nà jíjìn. Kò dún bí odò mọ́. Ó dún bí ọjà tó kún. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ó fi dà bíi pé orúkọ mi ni wọ́n ń pè nínú rẹ̀. Mo rí ọkọ mi tó ń léfòó lọ, ọwọ́ rẹ̀ nà sílẹ̀ bíi ti aṣọ inú àlá mi. Mo dìde, mo jókòó. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé, Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kó padà, kí oògùn náà bá odò lọ bó bá wù ú.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi yọ láàárín àwọn igi kòkó. Ẹrẹ̀ dé àyà rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò ní bàtà. Ó bọ́ fìlà, ó tú nylon tó dì mọ́ inú rẹ̀, ó nà án sí mi níwájú ìyá rẹ̀.

Ó ní, “Oògùn rẹ rèé. Kò tutù.”

Yèyé gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Oògùn kí ni? Ara rẹ̀ ò yá ni?”

Ọkọ mi lè purọ́. Ẹ̀fọ́rí wà, ibà wà. Mo tilẹ̀ ń wò ó pé kó sọ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí igi, omi ń kán lára rẹ̀.

Ó ní, “Yèyé, ara rẹ̀ yá. Oògùn fámílì ni, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn tètè lóyún. Àwa méjèèjì la jọ fẹ́ ẹ. A fẹ́ sinmi díẹ̀ ni.”

Yèyé tún gbé àwo wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lọ. Mo lo oògùn mi. A jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ràn. Èmi àti Yèyé ń wo kòkó tí a bò. Wọ́n ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ooru jáde bò wá lójú. Inú ooru yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn wọn.

“Ṣé ó korò?”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé oògùn náà ni wọ́n ń béèrè. Mo ní, “Rárá, mà. Kò korò, kò sì dùn.”

Wọ́n ní, “Nígbà tiwa, ulé ìyá wa la máa ń lọ. Bí mo bá ti bímọ, mo á gbé e lọ ulé ìyá mi, n ò ní padà títí ọmọ náà á fi lè sáré. Nígbà tí mo bá fi dé, bàbá ọkọ rẹ á ti di àlejò sí mi. A ó jókòó, a ò ní mọ ohun tí a máa bá ara wa sọ. Ìgbà tí a bá tún wá mọ ara wa, oyún mìíràn ti dé, mo tún ń di ẹrù mi.” Wọ́n da ewé náà padà. “Tiyín yìí, ẹ jọ ń wà pọ̀ ni?”

“A jọ ń wà pọ̀, Yèyé.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Mo kàn ń wo ọwọ́ wọn tó ń tẹ ewé mọ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń bo ọmọ láṣọ. Lẹ́yìn Magaribi ọjọ́ yẹn, kí n tó dìde lórí ẹní, wọ́n ti gbé ife omi dé ẹ̀gbẹ́ mi. Gbogbo ìgbà tí a lò ní abà lọ́dún yẹn, àwọn ló ń gbé omi náà wá. Wọn kò tún ṣàdúrà èjìrẹ́ mọ́. Àdúrà pé kí ara ó le ni wọ́n ń ṣe.

Mo lo oògùn náà títí àbíkẹ́yìn wa nígbà náà fi wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, a kàn wo ara wa, ó sì wù wá láti tún gbọ́ ẹkún ìkókó nínú ilé. Mo dá oògùn dúró. Oṣù kan lọ, òmíràn tẹ̀lé e, kò sí nǹkan kan. Oníbàárà mi kan tó gbọ́ sọ fún mi pé oògùn ti gbẹ inú mi. Mo lọ sí Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú àyà jíjá. Nọ́ọ̀sì yẹn ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, kí n ṣe sùúrù. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀ nígbà tí mo mọ̀ pé oyún ti dé. Àwọn ọmọ tó ṣáájú, kí n tó rò wọ́n ni wọ́n ti dé. Èyí, mo pè é, ó sì jẹ́ mi. Gbogbo oyún náà, mo gbé e bí ẹni tó ń rìn nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Obìnrin ni.

Lẹ́yìn tí mo bí i, ẹ̀jẹ̀ mi ń ga díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní oògùn yẹn kò bá mi mu mọ́, ó fi èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ sí mi lápá òsì. Àlá mi ti dínkù. Nígbà mìíràn àárò wọn máa ń sọ mí.

Yèyé kò lè wá sí abà mọ́, orúnkún wọn kò jẹ́. Àwa là ń lọ bá wọn ní Ẹmùré. Nígbà Iléyá tó kọjá, wọ́n jókòó sójú oòrùn níwájú ilé, ọmọbìnrin mi ń sá yí àga wọn ká. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé oògùn náà ti bọ́ sápá. Mo na apá mi. Wọ́n fi ìka wá a lábẹ́ awọ títí wọ́n fi kàn án.

“Ṣé ibí ló wà?”

“Ibẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n tún fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀dọ́mọbìnrin tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, wọ́n ń rín in títí ọmọ mi fi dúró, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn rín in, láìmọ ohun tí wọ́n ń rín.