Ọ̀sán Tí Mo Ní N Kò Mọ Bàbá Mi Rí

Èmi kì í wo fíìmù. Bí wọ́n bá ti tàn án ní pálọ̀, mo máa dìde wá nǹkan ṣe ní kíṣìnì ni. Àwọn ọmọ mi á máa fi mí rẹ́rìn-ín pé ọmọ òṣèré tí kì í wo eré. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ jẹ́ kí n máa sá fún ekòló mi jàre.

Iṣẹ́ télọ̀ ni bàbá mi ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí eré tó gbé wọn lọ. Ẹgbẹ́ òṣèré kan wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan níbẹ̀, ẹni tó yẹ kó ṣe olè dùbúlẹ̀ àìsàn, ni wọ́n bá ń wá ẹni tó lè bẹ́ láti orí ìtàgé. Bàbá mi bẹ́. Ìṣó kan ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn láti abẹ́ ojú dé ẹnu, àwọn èrò sì ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni ẹ̀jẹ̀ náà. Àpá yẹn ni bàbá mi fi jẹun títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n bá ẹgbẹ́ yẹn rìn nínú lọ́rì láti ìlú dé ìlú, wọ́n ṣe ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ṣe fíìmù ńláńlá tí wọ́n ń gbé kiri gbọ̀ngàn. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò sì dé, ojú wọn wọ gbogbo pálọ̀. Olè ni wọ́n ń ṣe, apànìyàn, àbúrò ọkọ tó burú, gbọ́mọgbọ́mọ. Mo gbọ́ tí wọ́n bẹ ọ̀gá eré kan nílé wa pé kó fún àwọn ní bàbá ọmọ ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀gá náà wo àpá yẹn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa gbà pé ẹ bímọ?"

Wọ́n kúkú bímọ. Èmi nìkan ni wọ́n bí.

Ẹ̀gbẹ́dá la ń gbé nígbà náà, yàrá kan àti pálọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ò jẹ́ wá bá mi ṣeré tí wọ́n bá rí bàtà Dádì lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì, àwọn ló ń mú mi lọ sílé ìwé, àwọn náà ló ń lọ mú mi bọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Dádì pé kí wọ́n má sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Wọ́n ní, "Bàbá ọmọ mi, ojú yín yìí, ẹ jẹ́ kó jókòó sílé."

Òfin kan wà nílé wa tí mi ò rò pé ó wà nílé ẹlòmíràn. Dádì ní fìlà abetíajá dúdú kan, etí fìlà náà gùn débi pé ó bo etí wọn méjèèjì pátápátá. Òun ni wọ́n máa ń dé ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, Mọ́mì mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Bí àwọn ọkùnrin kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í na Dádì nínú eré, mo sáré wọ àárín wọn, mo di ẹsẹ̀ Dádì mú, mo ń ké Dádì mi, Dádì mi. Síìnì náà bàjẹ́, oòrùn sì ti lọ, kò sí bí wọ́n ṣe máa tún un yà. Ọ̀gá tó ń darí eré náà bú bàbá mi níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà tá a délé, Dádì gbé mi jókòó sórí tábìlì, wọ́n fọwọ́ kan fìlà náà, wọ́n ní, "Tí eléyìí bá wà lórí mi, n kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. O ò gbọdọ̀ pè mí ní Dádì. Tí mo bá ṣí i, a jẹ́ pé mo ti dé." Ìṣó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n máa ń fi fìlà náà kọ́ sí. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, mo máa fò mọ́ wọn lọ́rùn ni, màá máa fọwọ́ pa ẹran kékeré kan tó yọ bí ẹ̀wà níwájú etí òsì wọn. Èmi náà ní irú ẹ̀, níbi kan náà gan-an.

Lọ́dún tí mo pé méje, wọ́n tún gba iṣẹ́ gbọ́mọgbọ́mọ. Èmi ni mò ń bá wọn kọ́ ọ̀rọ̀ wọn ní pálọ̀. Wọ́n á dé fìlà, wọ́n á na ọwọ́ sí mi, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò mọ̀ mí ni?" Èmi á ní, "N ò mọ̀ yín rí." Ohùn wọn máa ń yí padà débi pé irun ara mi á dìde, àmọ́ n kì í ṣìnà. Wọ́n ń fi mí yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ wọn pé ọmọ àwọn kì í fo ọ̀rọ̀ kankan.

Àkókò yẹn náà ni ìròyìn gbọ́mọgbọ́mọ gba gbogbo àdúgbò kan. Wọ́n ní wọ́n gbé ọmọ ní Ìkọ̀tún, wọ́n ní wọ́n gbé méjì ní Ìgándò. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀ dúdú ní oríta kan lójú ọ̀nà Ìdímù, wáyà inú táyà tó ti jóná ká jọ síbẹ̀, Mọ́mì sì máa ń fọwọ́ bo ojú mi tá a bá ń kọjá. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó jóná. Wọ́n ní kí n máa rìn. Oríta yẹn ń bà mí lẹ́rù ju gbọ́mọgbọ́mọ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, iṣẹ́ ọ̀sán bọ́ sí Mọ́mì lọ́wọ́ lójijì, kò sì sí ẹni tó máa lọ mú mi. Dádì ní àwọn á yọ́ wá láti Ẹ̀gàn, níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà nínú igbó. Nínú iṣẹ́ wọn, bí síìnì bá ti bẹ̀rẹ̀, èèyàn kì í bọ́ ẹ̀wù títí tó fi máa parí, kí ẹni tó wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ má baà jáde ní mímọ́. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe wà nínú igbó ni wọ́n ṣe gun ọ̀kadà wá: bùbá dúdú tó ti ya, ẹrẹ̀ dé orúnkún, fìlà abetíajá lórí. Ẹni a fẹ́ sun jẹ kì í fepo para. Bàbá mi fepo para wá, lákòókò tí gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá ń wá ẹni tí wọ́n máa sun.

Fìlà ni mo kọ́kọ́ rí níwájú géètì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, sà," bí mo ṣe máa kí àlejò. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní ká tètè máa lọ, oòrùn ń lọ. Èmi ń wò yíká, mò ń wá ibi tí kámẹ́rà wà. Mo rò pé fíìmù ti dé ilé ìwé wa ni. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn díẹ̀.

Bàbá kan máa ń jókòó tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa. Ó gbójú sókè látorí bàtà tó ń rán, ó wo Dádì pẹ́. Ó ní, "Mo mọ ojú yìí. Mo ti rí i níbi tó ti ń gbé ọmọ, mi ò kàn rántí ibi tó jẹ́ ni." Kò purọ́. Inú fídíò ló ti rí i, òun ni kò rántí.

Kí n tó ṣẹ́jú, èrò ti yí wa ká. Obìnrin kan já mi gbà lọ́wọ́ Dádì, ó fà mí mọ́ra. Bàbá oníbàtà bi mí pé, "Ọmọ yìí, kí ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí ẹ?"

Àyà Dádì ò tíì já. Wọ́n tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé mi. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, sọ fún wọn. Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

Ọ̀rọ̀ tí à ń kọ́ ní pálọ̀ gan-an nìyẹn. Mo wo fìlà yẹn. Mo sọ ọ́ ketekete bí wọ́n ṣe kọ́ mi: "N ò mọ̀ yín rí."

Ìgbájú àkọ́kọ́, mi ò mọ ẹni tó ti ọwọ́ ẹ̀ wá. Wọ́n lọ́ ọwọ́ Dádì méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n fi okùn dì í. Dádì ń pariwo pé òṣèré ni àwọn. Ẹnì kan ní, "Gbogbo yín lẹ ń ṣeré." Mo gbọ́ tí ẹlòmíràn ní kí wọ́n gbé táyà wá, mo sì rí ọkùnrin kan tó ń yí i bọ̀ láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà, jẹ́jẹ́ báyìí, kò kánjú. Oríta dúdú yẹn bọ́ sí mi lọ́kàn. Síbẹ̀ mò ń retí kí ọ̀gá eré pariwo pé ó tó.

Ẹ̀jẹ̀ ló tú mi sílẹ̀. Ẹnu ni wọ́n máa ń gbà tu ẹ̀jẹ̀ eré, oje sóbò ni, mo ti tọ́ ọ wò rí. Èyí ń jáde lábẹ́ etí fìlà, ó ń ṣàn lọ sí ọrùn wọn, kò sì sí oje sóbò níbẹ̀. Dádì wojú mi. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n tẹ orí wọn ba níwájú mi. Àwọn èrò rò pé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ ni. Èmi mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Mo já ara mi gbà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, mo ṣí fìlà náà, mo sọ ọ́ nù sínú gọ́tà.

Mo ní, "Dádì mi ni."

Ẹ wá wò ó, ìyẹn ló fẹ́ pa wọ́n gan-an. Obìnrin náà figbe ta pé gbọ́mọgbọ́mọ náà ti fi oògùn dì mí lójú, ṣebí ìsinsìnyí ni mo ní n ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti gbé táyà náà sókè. Mo rọ̀ mọ́ Dádì lọ́rùn, mi ò jẹ́ kí àyè wà láti kọ́ ọ sí wọn lọ́rùn. Bàbá oníbàtà ló wá sún mọ́ wa láti fà mí kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo etí Dádì, ó wo etí mi. Ó fọwọ́ kan ẹran kékeré yẹn níwájú etí mi, ó fọwọ́ kan tiwọn nínú ẹ̀jẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbé nǹkan yẹn sílẹ̀. Òun ló bí i."

Ẹni tó gbé táyà yí i padà lọ síbi tó ti gbé e wá. Ìgbà yẹn ni orí ẹnì kan wá ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, ó ní ṣé kì í ṣe ọkùnrin inú fídíò yẹn nìyí. Ni wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára Dádì, wọ́n ní kí Dádì fi ohùn gbọ́mọgbọ́mọ bá àwọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó máa lọ. Bàbá mi sì ṣe é. Okùn ṣì wà lọ́wọ́ wọn kan, wọ́n ṣe ohùn yẹn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

A ò pa dà sí Ẹ̀gàn lọ́jọ́ náà. Nígbà tá a délé, Dádì gbé mi jókòó sórí tábìlì. Wọ́n bi mí pé, "Kí ló dé tó o ní o ò mọ̀ mí?"

Mo ní, "Ẹ dé fìlà, Dádì."

Wọ́n ní mi ò jẹ̀bi, mo ṣe é dáadáa, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Láìpẹ́ mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún. Mo ti gbọ́ ẹkún wọn rí lóríṣiríṣi, nítorí náà mo rò pé wọ́n ń kọ́ eré wọn ni, mo dúró de ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀ lé e kí n lè dáhùn. Kò sí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo rọra ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò sì sí fìlà lórí wọn. Dádì mi gan-an ló ń sunkún. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọ̀sán lọ, mo rọra ti ilẹ̀kùn náà padà.