Ohun Tí Lùkmọ́nù Kà Lára Fóòmù

Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi Lùkmọ́nù lò nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìsẹ́yìn kó tó wá sí Ouagadougou. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un pé bí «in» bá ṣíwájú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti sọ ọ́ di òdìkejì. Ìyẹn nìkan ló rántí. Nígbà tó rí «inflammable» lára fóòmù tó ń tà nítòsí ọjà Rood Woko, ó kà á sí pé kò lè jó. Ohun tó ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Nítorí ooru, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ páànù ilé tirẹ̀ ní àdúgbò Cissin: yàrá kan, ìyàwó, ọmọ méjì, sítóòfù gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló lẹ̀ ẹ́ sí ilé mọ́kànlá mìíràn.

Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi níwèé, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà nínú Faransé náà. Mo sọ fún un pé ohun tó tètè ń gbiná ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí.

"Akọ̀wé," ó ní, "ọdún kejì rèé tó o ti ń wáṣẹ́. Ṣé fóòmù mi ló wá kàn?"

"Ẹ jẹ́ ká sun díẹ̀ wò."

"Kí n máa sun ọjà mi?"

Modinat, ìyàwó rẹ̀, ló gé díẹ̀, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e sílẹ̀ lágbàlá, ó ṣáná sí i. Kí a tó ka ẹẹ́wàá, ó ti jó tán. Ó ń kán sílẹ̀ bí epo gbígbóná, èéfín dúdú sì lé wa sẹ́yìn.

"Bàbá Kàmíl," Modinat ní, "òkè orí àwọn ọmọ mi lẹ lẹ eléyìí mọ́."

 Lùkmọ́nù gbé àkàbà, ó mú ọ̀bẹ. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, páànù ti hàn síta, ooru ti padà wọlé.

"Ilé mọ́kànlá yòókù ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ta ló wá fẹjọ́ sùn mí?"

"Òkú kì í fẹjọ́ sùn."

Ó gun alùpùpù rẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, torí mi ò gbà gbọ́ pé ó máa lọ yọ wọ́n.

Ilé Nimotalahi, aláṣọ, la kọ́kọ́ dé. Lùkmọ́nù sọ fún un pé òun ṣì í kà, òun wá yọ ọ́.

Nimotalahi rẹ́rìn-ín. "Ẹlòmíì ló fẹ́ rà á, àbí? Ẹ fẹ́ yọ tèmi lọ tà fún un. Ọmọ mi ń sùn lábẹ́ rẹ̀."

"Ó ń jó, Nimota."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kò lè jó. Barka, ẹ ṣé, ẹ máa lọ."

Ó ti ilẹ̀kùn. Lùkmọ́nù dúró nínú oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn náà. Kò dáwọ́ dúró títí ọmọ Nimotalahi fi jí, tí a gbọ́ ẹkún rẹ̀.